Jọkẹ́ Ẹlẹ́kọ àti Ewé Etí Odò

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Jọkẹ́ ẹlẹ́kọ ti Ìkòrò-Èkìtì ni mo fẹ́ sọ, kò sì gùn.

Tí ẹ bá dé ìyànà ọ̀nà Ìjerò láàárọ̀ kùtù, ẹ ó bá ẹlẹ́kọ márùn-ún lórí ìlà. Mẹ́rin nínú wọn, ọ̀rá ni wọ́n ń dà á sí. Ẹ̀kọ á ṣì máa hó lórí iná, wọn á fi ife bù ú, wọn á dà á sínú ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, wọn á so ó lẹ́nu, wọn á jù ú sínú omi tútù. Ẹni tó rà á á fi eyín ya ìdí ọ̀rá, á fà á mu, á ju ọ̀rá sí gọ́tà. Gọ́tà á dí, òjò á rọ̀, omi á wọ ilé rẹ̀, òun náà á wá jókòó síwájú ilé, á máa bú ìjọba. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn.

Ẹnì karùn-ún ni Jọkẹ́. Ewé eéran ni tirẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó ga, ó gbẹ, kì í pariwo ọjà. Ó ń nu ewé kọ̀ọ̀kan níwá lẹ́yìn kó tó fi pọ́n ẹ̀kọ. Bùkọ́lá ọlọ́rá, tó jókòó tì í, a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Motọ́lání, ayé ti lajú o. Ẹ ṣì ń nu ewé bí ẹni ń nu ojú ọmọ."

"Ó kúkú jọ ojú ọmọ. Ẹnu ọmọ ló ń lọ."

"Ọ̀rá ò pa ẹnikẹ́ni rí."

"Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ìwọ wá sọ fún mi, Bùkọ́lá, ohun tí ẹ̀kọ gbígbóná ń dà tó bá pẹ́ lára ọ̀rá."

Bùkọ́lá ń so ọ̀rá lọ.

Ewé yìí, ẹ wò ó, ó yà mí lẹ́nu gan-an. Ẹ jẹ ẹ̀kọ tán, ẹ ju ewé sílẹ̀, ewúrẹ́ á kó èyí tó fẹ́, ìyókù á jẹrà, á di ilẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbá a, kò sí gọ́tà tí yóò dí. Etí odò tó wà lẹ́yìn ilé Awóyẹmí, ilé ọkọ Jọkẹ́, ló ti ń já a. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín, kó tó kú ló fà á lé e lọ́wọ́. Àmọ́ ilẹ̀ ẹbí ni ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Rótìmí, àbúrò ọkọ rẹ̀, padà dé láti Adó. Ó gbé ẹ̀rọ kan dé, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fọ́n kẹ́míkà apakoríko, ó gbé gálọ́ọ̀nù kẹ́míkà mẹ́fà, ó sì gbé ẹnu tó tó ti ènìyàn mẹ́wàá. Ó ní òun fẹ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sétí odò, pé ewé eéran, koríko lásán ni. Rótìmí yìí kan náà kì í jẹ ẹ̀kọ ọ̀rá. Ó ní ó ń rùn. Ẹ̀kọ ewé mẹ́rin ló ń jẹ láràárọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ìyàwó ilé ló ń tà á. Ẹni tó ń jẹun nínú abọ́, tó tún ń wá òkúta tí yóò fi fọ́ abọ́: tí ẹ bá bú irú wọn, itọ́ yín lẹ fi ṣòfò.

Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, ká má tíì sọ pé kó bá a jiyàn. Akọ̀wé ni Jọkẹ́ ń pè é. Ó kúnlẹ̀ fún un.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi àdá ṣán ibi tí ẹ fẹ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. Ẹ má fọ́n nǹkan yìí sétí odò."

"Ìyàwó, àdá kọ́ là ń lò mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré, gbogbo rẹ̀ á ti gbẹ."

"Omi tí à ń mu ńkọ́?"

"Omi ń ṣàn. Ṣé ó ń dúró ni?"

"Ẹlòmíì ló ń ṣàn lọ bá."

"Ìyẹn di ọ̀ràn ẹlòmíì."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi ọwọ́ lásán po kẹ́míkà nínú báàkẹ́tì. Kò wọ ìbọ̀wọ́, kò bo imú. Ó pò ó tán, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó da ẹ̀pà sẹ́nu. Afọlábí, ọkọ Jọkẹ́, tó yẹ kó sọ̀rọ̀, ní òun ò fẹ́ kí ẹbí máa wí pé obìnrin ló ń darí òun. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí Ìjerò.

Ọjọ́ Ẹtì ni Rótìmí fọ́n ìdajì. Ìdajì ni, nítorí ẹ̀rọ ìgbàlódé náà dí mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì lọ ṣan án nínú odò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ewé ìyá rẹ̀ ti pọ́n bí ewé tábà. Níbi tí Motọ́lání, ọmọ Jọkẹ́, ti máa ń pọn omi, akàn mẹ́rin ti kú, ikùn wọn kọjú sókè. Wọ́n ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Rótìmí ò tiẹ̀ dé ọjà, ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀ ló sọ tirẹ̀ sí. Jọkẹ́ da gbogbo omi inú ìkòkò nù. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ omi ẹ̀bá mọ́ṣáláṣí ni òun àti ọmọ ń lọ, bó tilẹ̀ jìnnà.

Rótìmí ní tó bá di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á parí ìyókù. Tí ìyókù bá lọ, kí Jọkẹ́ ra ọ̀rá tàbí kó fi ẹ̀kọ sílẹ̀. Jọkẹ́ sì ti búra pé òun ò ní ta ẹ̀kọ ọ̀rá fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ògún ni wọ́n ń bọ nílé náà láti ìran wá. Ọjọ́ ìbọ ti ń sún mọ́, Jọkẹ́ ló sì ń pọ́n ẹ̀kọ tí wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀. Ìyàwó tó bá lọ fi ẹjọ́ àbúrò ọkọ sun àgbà ilé, elénìní ni wọn yóò pè é. Nítorí náà kò fẹjọ́ sùn. Ìbéèrè ló lọ bi Bàbá Awóyẹmí, olórí ẹbí, níbi tó ti ń pọ́n àdá.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀kọ Ògún ọdún yìí, ṣé kí n rà á lọ́wọ́ Bùkọ́lá?"

"Bùkọ́lá wo?"

"Ọlọ́rá, Bàbá."

Bàbá gbé àdá sílẹ̀. "Ọ̀rá lo fẹ́ kí n gbé síwájú Ògún nínú ulé yìí?"

"Ewé ló ń tán lọ."

"Kí ló ń jẹ ẹ́?"

"Ẹnu mi ò gbà á sọ, Bàbá. Ẹsẹ̀ yín á gbé yín débẹ̀."

Bàbá lọ. Ó fi ṣónṣó àdá yí akàn kan padà, ó wò ó. Ó gé màrìwò, imọ̀ ọ̀pẹ tútù tí wọ́n ya fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ta á láti igi dé igi yí ewé tó kù ká. Ibi tí wọ́n bá ta màrìwò sí, Ògún ló ni ín; ẹni tó ń pọ́n ẹ̀kọ rẹ̀ nìkan ni Bàbá gbà láyè láti wọ ibẹ̀.

Rótìmí dé lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ kún lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń sọ káàkiri pé òun ò gba Ògún gbọ́, pé ti àwọn ará oko ni. Ó rí màrìwò, ó dúró. Bàbá jókòó lórí òkúta níwájú rẹ̀.

"Wọlé," ni Bàbá wí.

"Bàbá, iṣẹ́ ìdàgbàsókè ni mo fẹ́ ṣe."

"Mo ní kí o wọlé. Ṣebí ìwọ lo kàwé? Kí ló dì ọ́ lẹ́sẹ̀?"

"Ẹ bá mi tú u."

"Èmi tí mo bẹ̀rù ni mo ta á. Ìwọ tí o ò bẹ̀rù ni kí o tú u."

Ó dúró títí kẹ́míkà fi ń kán sí i ní gìgísẹ̀, ó wá yí padà. Omi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò dá a dúró, akàn ò dá a dúró. Imọ̀ ọ̀pẹ ló dá akọ̀wé dúró. Irú ìwé wo ló kà?

Àwọn ará ìyànà ní Ògún ló gba Jọkẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Wọn ò sọ ohun tí Jọkẹ́ ṣe lẹ́yìn náà, nítorí ìyẹn á dójú tì wọ́n. Ó ka ẹsẹ̀ mẹ́wàá wọ inú ewé tútù láti ibi tí kẹ́míkà dé, ó gé gbogbo ewé ibẹ̀, ó gbẹ́ ihò, ó sin ín, nítorí afẹ́fẹ́ lè ti gbé kẹ́míkà débẹ̀.

"Ewé tútù yọ̀yọ̀ báyìí?" ni Bùkọ́lá wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

Ewé ò tó o mọ́. Kí aago mẹ́jọ tó lù, ẹ̀kọ rẹ̀ ti tán, àwọn oníbàárà á máa kùn. Afọlábí, tó ti rí ẹnu fọhùn nígbà tí ewu kọjá, ní kó fi ọ̀rá díẹ̀ lú u. Jọkẹ́ ń gbin ewé eéran tuntun lọ sókè odò, gbòǹgbò kan lẹ́yìn èkejì.

Ẹ má gbà á gbọ́ lẹ́nu mi. Ẹ wọkọ̀ láti Ìjerò, ẹ sọ̀ ní ìyànà, ẹ bèèrè ilé Awóyẹmí, ẹ gba ẹ̀yìn ilé. Lápá kan, ẹ ó rí ilẹ̀ pípọ́n àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta tó ń rọ lọ. Ẹ kọjá wọn, ẹ lọ dúró níbi tí màrìwò wà, kí ẹ fi ojú ara yín wo apá kejì.