Ọ̀rọ̀ Refund Ọmọ́tọ́lá

Bí ẹ bá fún Ṣẹ̀san ní ẹ̀bùn lónìí, ẹ má retí ọpẹ́ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní láti kọ́kọ́ yí ẹ̀bùn ọ̀hún síwá sẹ́yìn, kó wo abẹ́ rẹ̀, kó sì bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tí ẹni yẹn ń wá lọ́wọ́ òun. Nígbà tí ilé ìwòsàn pè é pé kó wá yẹ ara rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ní òun ò lọ, pé ta ló ń fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣàánú fún ẹni tí kò mọ̀ rí? Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Cheetham Hill, nílùú Manchester, Bọ̀dá Kí-ló-wà-ńbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀, kò sì bínú. Ó ní abèèrè kì í ṣìnà.

Bọ́ọ̀sì ló ń wà. Ojoojúmọ́ ló ń gun Cheetham Hill Road lọ, tó ń sọ̀ ọ́ bọ̀, ẹni tó bá sì fi káàdì rẹ̀ hàn án wàràwàrà, á pè é padà: "Jẹ́ kí n rí i dáadáa." Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ènìyàn gidi ni. Kì í jalè, kì í purọ́, kì í gbé ohùn sókè sí ìyàwó rẹ̀. Ìfura nìkan ni tirẹ̀. Òótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn téèyàn bá ń mu ní àmujù, àìsàn míì ló ń dà.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ Akínbọ́lá pè láti Houston.

"Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọmọ́tọ́lá ti rí yunifásítì wọlé ní Manchester. Ó fẹ́ wá gba master's."

"Ìyẹn dáa. Ta ló ń sanwó?"

"Federal ló máa yá a, sà."

"Federal wo?"

"Federal tibí, ti Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń yá ọmọ ilé-ìwé lówó, kódà kí ilé-ìwé ọ̀hún wà lókè òkun, tó bá ṣáà ti wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ọdún kan péré ló máa lò lọ́dọ̀ yín. Ọdún méjì ni ìbá lò níbí."

Ṣẹ̀san gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó bí ẹni pé fóònù ló ń purọ́. Federal tí òun mọ̀ kí òun tó kúrò ní Ṣàgámù, kò yá òun ní kọ́bọ̀ rí. Ìjọba wo ló máa yá ọmọ lówó pé kó lọ ná an nílùú onílùú? Ta ló ń bọ́ àgbẹ̀ yó kó lọ roko ẹlòmíì?

"Akínbọ́lá, kí ló wà ńbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, Bọ̀dá mi. Gbèsè ni. Bó bá ríṣẹ́, á máa san án díẹ̀díẹ̀."

"Hẹn-ẹn," ni Ṣẹ̀san wí. Hẹn-ẹn yẹn gùn tó odindi ìwàásù.

Ọmọ́tọ́lá dé nínú oṣù kẹsàn-án. Texas ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa. Kò tíì gbé àpótí rẹ̀ wọlé tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀: "Ẹ kú ilé, Big Daddy. Ẹ kú ilé, Big Mummy." Títílọpẹ́, ìyàwó Ṣẹ̀san àti ìyá Jayden ọmọ wọn, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Bolton, fà á dìde, ó gbá a mọ́ra. Inú Ṣẹ̀san náà dùn, ẹ má rò pé kò dùn. Ọmọ náà jọ ìyá tó bí Ṣẹ̀san débi pé ọkùnrin náà ní láti wojú ògiri díẹ̀.

Àsìkò tí wọ́n ń wá yàrá fún un ni ọ̀rọ̀ wọ́. Wọ́n rí ọ̀kan ní Fallowfield, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onílé ní àwọn fẹ́ onídùúró, ẹni tó ń gbé England níbí, tó sì ń ṣiṣẹ́. Bí ayálégbé bá sá lọ, onídùúró ló máa san owó ilé. Wọ́n ní kí Ṣẹ̀san wá fọwọ́ sí i, ó sì kọ̀.

Kì í kúkú ṣe pé ó ń sá fún òjìji. Alàgbà Bọ̀wálé nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti dúró fún ọmọkùnrin kan tó ti ilé wá rí. Ọmọkùnrin náà sanwó ilé-ìwé, ó wọlú, ó jókòó ní kíláàsì fúngbà díẹ̀. Ó wá lọ sọ fún ilé-ìwé pé òun ò ṣe mọ́, ó gba èyí tó kù nínú owó rẹ̀, ó sì di àwátì. Alàgbà ló ń san owó ilé ọmọ ọlọ́mọ títí ó fi ta mọ́tò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, nígbà míì bọ́ọ̀sì Ṣẹ̀san gan-an. Láti ìgbà náà ni refund ti di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ láàárín wọn. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní "lágbájá ti gba refund," kì í ṣe pé ó dá bàtà padà sí ṣọ́ọ̀bù o. Ó ti kọ ilé-ìwé sílẹ̀ nìyẹn, ó ti kówó, ó ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Títílọpẹ́ ló fi ẹ̀bẹ̀ mú ọkọ rẹ̀ tó fi fọwọ́ sí i. Ìsinmi gidi kò sì sí mọ́ nínú ilé náà. Lọ́jọ́ Sunday, bí Ọmọ́tọ́lá bá wá jẹun lẹ́yìn ìsìn, Ṣẹ̀san á ní, "Tọ́lá, orúkọ mi wà lọ́wọ́ rẹ o. Mi ò lówó, mi ò nílé ńlá. Orúkọ nìkan ni mo ní nílùú yìí. Oorun ti dá lójú mi." Ọmọ náà á ní, "Yes, sir. Mo mọ̀, sà." Ṣẹ̀san á wá máa wo bó ṣe ń jẹun. Ọmọ tí ìjọba Amẹ́ríkà yá lówó, kí ló dé tó ń jẹun bí ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ láti àná? Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀wù kan náà ló ń wọ̀ ṣáá? Ó bi í. Ọmọ náà ní owó ọ̀hún pẹ́ kó tó dé, pé wọ́n ṣì ń yẹ ìwé òun wò. Hẹn-ẹn.

Sunday kan nínú oṣù kẹwàá, Títílọpẹ́ ń gé ẹran lọ́wọ́ nígbà tí fóònù ọmọ náà dún, ó sì lọ dáhùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn kíṣìnì. Ṣẹ̀san ń bọ̀ wá bu omi. Ó gbọ́ tí ọmọ náà ń yọ̀, tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Refund mi ti wọlé! Ìyà ti parí, mo ti bọ́! Rárá o, mi ò tíì sọ fún Big Daddy. Tí gbogbo ẹ̀ bá parí tán ni mo máa sọ."

Háà! Ṣẹ̀san gbàgbé omi. Ó padà sí páálọ̀, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Nígbà tí ọmọ náà wọlé, ó wò ó tààrà.

"Tọ́lá, ṣé òótọ́ ni pé o ti gba refund?"

Ẹnu ya ọmọ náà pé ó ti mọ̀. "Yes, sir," ló wí.

Tán! Ṣé ẹ rí nǹkan? Ọkùnrin tó máa ń bi pákó léèrè igi tó ti wá, ọjọ́ tí ìbéèrè kan ṣoṣo ìbá gbà á sílẹ̀, kò bi í. Ó gbé ojú sápá kan, ó ní kó lọ jẹun.

Ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba yunifásítì lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ethan ló bá nídìí tábìlì. Ṣẹ̀san ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ àbúrò òun ṣì wà nílé-ìwé. Ethan ní ẹ má bínú, sà, a kì í sọ ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kankan fún ẹlòmíì. Ṣẹ̀san ní, "Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ yín ni?" Ethan ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. "Ṣé kì í wá ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yín ni?" Ethan ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ náà. Lójú tiyín, Ethan ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Lójú Ṣẹ̀san, ilé-ìwé ti mọ̀, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alàgbà Bọ̀wálé, àwọn méjèèjì pẹ̀lú gbèsè ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn.

Kò dúró bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́. Kó tó délé, ó ti pe Houston.

"Akínbọ́lá, ọmọ rẹ ti kúrò nílé-ìwé. Ó ti gba refund. Mo bi í, ó sì jẹ́wọ́ fún mi."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Akínbọ́lá kò béèrè ohun kan. Bọ̀dá rẹ̀ ló tọ́ ọ, Bọ̀dá rẹ̀ kò sì parọ́ fún un rí. "Ẹ ṣeun, sà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

Lọ́jọ́ kejì, Ọmọ́tọ́lá dé sí Cheetham Hill láìpe ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ti wú. Bó ṣe wọlé báyìí ló kúnlẹ̀ síwájú Ṣẹ̀san, tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Big Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ dárí jì mí, sà. Ẹ bá mi bẹ Daddy. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ yìí."

Ẹ̀yin náà mọ ilé wa. Ọmọ tó mọ̀wà kì í bi àgbà tó ń bínú pé kí ni mo ṣe. Á kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ ná, bí inú bá rọ̀ tán, á wá béèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bí Ọmọ́tọ́lá ṣe ṣe é nìyẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ yẹn ni Ṣẹ̀san wá dìmú bí ẹ̀rí.

"O gbọ́, Títílọpẹ́? O gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀? Ó gba refund, ó ń tọrọ àforíjì!"

Títílọpẹ́ jáde láti kíṣìnì. Ó wo ọkọ, ó wo ọmọ. "Refund wo?" ló bi ọmọ náà.

"Owó ẹ̀yáwó náà ni, ma," ni Ọmọ́tọ́lá wí pẹ̀lú omijé. "Ilé-ìwé ni wọ́n máa ń fi í ránṣẹ́ sí láti Amẹ́ríkà. Ilé-ìwé á yọ tiwọn, èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á fún mi kí n fi jẹun, kí n fi sanwó ilé. Refund la máa ń pè é. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ló ń gbà á lọ́dọ̀ wa."

"O ò wá kúrò nílé-ìwé?"

"Rárá, ma. Láti kíláàsì ni mo ti wá síbí. Tí mo bá kúrò pátápátá, ilé-ìwé á dá lára owó yẹn padà, èmi á sì máa san ìyókù láìní ìwé-ẹ̀rí kankan. Kí ni mo máa fi wáṣẹ́ tí mo máa fi san án? Big Mummy, kí ni mo ṣe gan-an?"

Ìtìjú bá Ṣẹ̀san, ó ká a lára dé egungun. Títílọpẹ́ gbé fóònù rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé kó pe Houston.

Kò rọrùn fún ẹ̀gbọ́n láti jẹ́bi lójú àbúrò. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Akínbọ́lá, èmi ni mo ṣì í. Ọmọ wà nílé-ìwé. Kò ṣe nǹkan kan."

"Mo ti sọ fún un pé kì í ṣe ọmọ tí mo bí, Bọ̀dá mi," ni Akínbọ́lá wí. "Nítorí pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún ọmọ òun.

Ọmọ́tọ́lá gbé fóònù lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún, tó ń sọ pé kò burú, Daddy, kò burú. Nígbà tó padà wá, Ṣẹ̀san fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò rí ọkùnrin yìí, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Owó ọ̀hún wá dà?"

"Bàbá Jayden!" ni Títílọpẹ́ pariwo.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn, ma," ni Ọmọ́tọ́lá wí. Ó nu ojú rẹ̀. "Mo ti san án fún àwọn onílé, sà, owó ilé títí di oṣù kẹfà. Mo bẹ̀ wọ́n pé tí mo bá san án ṣáájú, ṣé wọ́n á yọ orúkọ yín kúrò, torí ẹ ní ẹ kì í sùn mọ́. Àná ni wọ́n gbà. Mo fẹ́ kó parí kí n tó sọ fún yín."

Ṣẹ̀san dìde, ó lọ dúró níwájú ọmọ náà. "Ní kí wọ́n dá a padà," ló wí. "Orúkọ mi, ní kí wọ́n dá a padà síbẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ni ẹ́. Bí kì í bá ṣe èmi, ta ló máa dúró fún ẹ nílùú yìí?"

Ọmọ́tọ́lá rẹ́rìn-ín sí i. Ó ń wá ohun tó máa fi Ṣẹ̀san lọ́kàn balẹ̀ ni.

"Ẹ má ṣèyọnu mọ́, Big Daddy. Wọn ò nílò yín mọ́."