Igogo Ṣí Gèlè Lórí Mi

Irun mi ló kọ́kọ́ rí mi lára. Mo ń rí i lórí ìrọ̀rí, mo ń rí i nínú kóòmù, lọ́jọ́ kan mo sì fà á jáde nínú ọbẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi sè. Mo da ọbẹ̀ náà nù. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń yẹ orí àti èékánná àwọn ọmọ wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, n kì í sì í gbójú fo ẹlẹ́gbin. Nísinsìnyí, èmi gan-an ni mo ń sọ ilé ara mi di ẹlẹ́gbin.

Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọ̀fun tí àwọn dókítà ń pè ní táírọ́ọ̀dù. Tèmi kò ṣiṣẹ́ mọ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n fún mi ní oògùn tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà dípò rẹ̀, mo sì ń lò ó bí wọ́n ṣe ní kí n lò ó: ní kùtùkùtù, pẹ̀lú omi lásán, kí oúnjẹ tó kan ẹnu mi. Síbẹ̀, òtútù ń mú mi nínú oòrùn ọ̀sán. Ojú mi wú. Awọ ẹsẹ̀ mi ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, ìgbọ̀nsẹ̀ di ogun, ohùn tí mo fi ń darí kíláàsì ti ha. Bí mo bá gbá iyàrá kan, mo ní láti jókòó kí n tó gbá èkejì.

Ṣùgbọ́n èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi dára. Gbólóhùn yìí ni mo wá kórìíra ju àìsàn náà lọ. Dókítà ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú mi nílùú Ọ̀wọ̀ níbí á tẹjú mọ́ ìwé èsì, á ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín dára. Ẹ máa lo oògùn yín lọ." Bí mo bá ní ó ń rẹ̀ mí, á ní, "Ọjọ́ orí ni, màmá." Kò ní gbójú kúrò lára ìwé. Ṣíọ̀! Bí ọmọ kan bá ń wá sí kíláàsì lójoojúmọ́ tí kò sì mọ̀wé kà, ṣé rẹ́jísítà la ó fi jẹ́rìí pé ó ti mọ̀wé? Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí ẹnì kan gbà pé nǹkan ṣì ń ṣe mí.

Gèlè ni mo fi ń bo ìtìjú mi. Ọdún ìbílẹ̀ wa, Igogo, ni kì í gba gèlè láyè. Bí ọdún yẹn bá ti wọlé, obìnrin kò gbọdọ̀ wé gèlè nílùú Ọ̀wọ̀, ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà, ọba alára á sì di irun rẹ̀ bí obìnrin. Èmi, kí ni mo fẹ́ dì? Nítorí náà, mo máa ń sá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Ìmẹ́rì, níbi tí gèlè kì í ti í ṣe èèwọ̀.

"Ìyá onígèlè ti dé o!" Bó ṣe máa ń kí mi nìyẹn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti sá fún irun yín?"

"Irun ló sá fún mi."

"Ẹ dìde, ká jọ lọ sóko. Ẹ kàn jókòó bí àpò gààrí. Ọ̀lẹ ló ń dà yín láàmú."

"Àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ."

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ yín dára?"

Bí ìwé bá ti jẹ́rìí lòdì sí èèyàn, ta ni yóò gba ẹ̀rí ara rẹ̀ gbọ́?

Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi nílé ìwòsàn bọ́ sáàárín Igogo. Bí n kò bá lọ, oògùn mi yóò tán. Mo jáde láìborí. Lórí bẹ́ńṣì, àwọn obìnrin tó kù di irun wọn dáadáa, ó ń dán. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo orí mi, ó sún kúrò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ràn?"

"Kì í ràn. Ẹ sún mọ́ mi, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ mi lágbárí."

Kò sún mọ́ mi.

Nígbà tí mo wọlé, ojú dókítà ti wà lára ìwé. "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín..."

"Ọmọ mi," mo fi ìwọ̀nba ohùn tó kù fún mi sọ ọ́, "gbé ìwé yẹn sílẹ̀. Wo orí mi."

Ó gbójú sókè. Mo rí ìríra lójú rẹ̀ kedere, kò tètè rí i fi pa mọ́. Inú mi sì dùn. Ìríra yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí èmi àti òun jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

"Láti ìgbà wo, màmá?"

"Láti ìgbà tí o ti ń sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi dára."

Ó dìde. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó tẹ ẹsẹ̀ mi, ó wo irun òkè ojú mi tó ti lọ lápá kan. Ó bi mí nípa òtútù, nípa oorun, nípa ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín dára lóòótọ́, màmá. Ara yín ni kò dára. N kò tíì mọ ìdí rẹ̀."

"Ìdáhùn tó pé nìyẹn," ni mo wí.

Ó ní kí n lọ ṣe àwọn àyẹ̀wò mìíràn, a ṣì wà lórí rẹ̀. Irun ṣì ń já, ó sì ṣì ń rí mi lára. Igogo parí, gèlè padà sórí àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀, ó padà sórí tèmi náà. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ilé ìwòsàn bá pé, ẹnu ọ̀nà iyàrá dókítà ni mo ti máa ń tú u. Mo máa ń ká a sínú báàgì kí n tó wọlé.