Aṣọ Òjé Kì Í Ṣe Ohun Kíká

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Nagami Fusae jẹ́, kó wá bi mí léèrè ohun tó fojú ìyá rẹ̀ rí. Màmá náà ń wúkọ́, wọ́n ní kó wá ya àwòrán àyà ní ilé ìwòsàn wa. Èmi tí mo ń ti ibùsùn àwọn aláìsàn ni mo tì í dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. Fusae, tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara níbẹ̀, jáde, ó wo ìyá tó bí i lójú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín? Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

"Fusae, ṣé o fi orí gbá ògiri láàárọ̀ ni?"

"Orúkọ yín, Màmá."

"Ẹni tó rọbí rẹ tọ̀sán-tòru nínú òtútù, òun lorúkọ mi!"

"Ìyẹn kọ́ ni dókítà kọ síbí."

Màmá fi ibínú sọ orúkọ rẹ̀. Fusae ò tíì fi í sílẹ̀ o, ó tún bi í bóyá ó lóyún. Arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká tán! Màmá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó ní tó bá jẹ́ oyún ni, òun á lọ ṣàlàyé ara òun fún bàbá Fusae ní ibojì.

Àwọn kan ní agídí ni. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Níbi tí Fusae ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, wọ́n ya àwòrán ikùn aboyún kan nítorí pé obìnrin náà àti aláìsàn mìíràn ń jẹ́ orúkọ kan náà, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan. Látọjọ́ náà ló ti ń bi gbogbo ayé léèrè. Ì báà jẹ́ olórí ìlú, á sọ orúkọ rẹ̀ kó tó dúró síwájú ẹ̀rọ.

Etíkun Shimane ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń sá ẹja sórí okùn, ohun tó sì ń pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀ ṣáá ni pé, "Gbé e kọ́! Èyí tó bá ká jọ, á rà." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí Fusae títí tó fi dàgbà, òun ló sì gbé e kojú Katsube, mátírọ́ọ̀nù yàrá iṣẹ́ abẹ.

Katsube fẹ́ kí nǹkan wà létòlétò ju oúnjẹ lọ. Bí ìgò kan bá yà kúrò lórí ìlà, inú rẹ̀ ò ní dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọdọọdún ni ilé ìwòsàn wa ń fún yàrá tó bá tò dáadáa jù lẹ́bùn. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Katsube yọ gbogbo ìkọ́ tó wà lára ògiri yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ní wọ́n jẹ́ kó dà bí ìsọ̀ aṣọ àlòkù. Ó kun ojú ihò wọn. Àwọn aṣọ òjé tó ń rọ̀ lára ìkọ́ náà, ó ká wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ, etí wọn ṣe rẹ́gí. Òun ló gba ipò kìíní. Wọ́n ya àwòrán pẹpẹ náà, wọ́n gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àmọ́ aṣọ òjé kì í ṣe ṣòkòtò. Tí dókítà bá ń to egungun, ẹ̀rọ á máa tan ìtànṣán gba ara aláìsàn kọjá kó lè rí inú, ẹsẹ̀ Fusae ló sì máa ń tẹ ẹ̀rọ náà. Òjé inú aṣọ yẹn ni kì í jẹ́ kí ìtànṣán wọ àwa tó dúró síbẹ̀ lára, torí tó bá ń wọni lára léraléra, ó lè pani lára, àgàgà aboyún àti ẹni tó ń wá ọmọ. Tí ẹ bá ń ká a, òjé á là nínú, òde rẹ̀ á sì máa dán.

Fusae á tú aṣọ, á gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga. Katsube á ká a padà, á fi ọ̀wọ̀ pè é lórúkọ ìdílé rẹ̀: "Nagami-san, ṣé wọ́n ò kọ́ ẹ nílé ni?" "Wọ́n kọ́ mi, Mátírọ́ọ̀nù. Wọ́n ní kí n máa gbé nǹkan kọ́." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, àwa sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Òfin ò gbà kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bíi ti Fusae tan ìtànṣán sára èèyàn láìjẹ́ pé dókítà ní kó ṣe é. Fusae ní, "Aṣọ kì í ṣe èèyàn." Ó kó gbogbo aṣọ òjé náà lọ sábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ya àwòrán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Funfun ló yẹ kí òjé jẹ́ nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ìlà dúdú gba ojú gbogbo wọn kọjá níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ wọn po. Èyí tó kéré jù ló burú jù, abẹ́ ìdodo gan-an ni ìlà tirẹ̀ bọ́ sí. Wakatsuki, nọ́ọ̀sì kékeré tó máa ń di ẹsẹ̀ aláìsàn mú, ló ń wọ èyí. Ó ti pẹ́ tó ti lọ́kọ, ọmọ ló sì ń wá.

Fusae lẹ àwòrán náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán ẹ̀bùn Katsube ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló wá fà á ya.

"Ta ló ní kó o yà á?"

"Kò sẹ́ni, sà. Ẹ̀yin lòfin ní kó dáàbò bò wá níbí. Ẹ jẹ́ ká yá aṣọ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn òdìkejì odò."

"Kí wọ́n lè máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́? A máa ra tuntun lọ́dún tó ń bọ̀. Tí iṣẹ́ abẹ kan bá fi falẹ̀ nítorí ẹnu ẹ, ilé ìwòsàn erékùṣù ni wàá ti máa ya àwòrán."

"Èèyàn ń bẹ ní erékùṣù, sà. Wọ́n sì ní egungun."

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo ti bàbá kan tó ṣẹ́ níbàdí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọn ò tíì fún un lóògùn oorun. Fusae dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Dókítà Sogabe, kí bàbá tó sùn, ẹ gbọ́ o. Ẹsẹ̀ mi ò ní kan ẹ̀rọ yìí tí Wakatsuki bá wà nínú aṣọ yẹn."

Sogabe, tó fẹ́ to egungun náà, ò wò ó. Òun ti fowó ara rẹ̀ ra aṣọ òjé tirẹ̀, ó ń gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì. "Èmi ni mò ń pàṣẹ fún ẹ."

"Lórí bàbá yìí ni. Ta ló fún yín láṣẹ lórí Wakatsuki?"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ṣe é," Wakatsuki bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ìwọ, panu mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni gbogbo wọn."

Bàbá orí ibùsùn dá sí i. "Ẹ má wo tèmi o. Ìbàdí mi ti ṣẹ́ látàná, kò lè ṣẹ́ jù báyìí lọ."

Ibẹ̀ ni Katsube já wọlé. Ó bọ́ aṣọ náà lára Wakatsuki, ó wọ̀ ọ́ sọ́rùn ara rẹ̀, ó so ó gírígírí, ó sì lọ dúró síbi tí nọ́ọ̀sì kékeré náà máa ń dúró.

"Ojo! Mo ti ń dúró níbí látìgbà tí aṣọ òjé ò kárí wa. Kí ló ṣe mí?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé Katsube ò bímọ. Bóyá ìtànṣán ni, bóyá òun kọ́, èmi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà jókòó sáàárín wa, òun náà sì gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Tẹ̀ ẹ́," ó ní.

Fusae gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. "Mi ò tẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ tó o kórìíra mi?"

"Mi ò fẹ́ràn yín lóòótọ́. Tí mo bá gbọ́ ohùn yín láàárọ̀, tíì á korò lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi yín gba ìtànṣán."

Katsube bọ́ aṣọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká a kó tó mọ̀. Ó dúró. Ó tú u. Ó wo ògiri, ó ń wá ìkọ́, ibi tó kùn nìkan ló rí. Ó wá tẹ́ aṣọ wíwúwo náà sórí apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tó sùn.

"Adachi-san," ó sọ fún mi, "lọ pe ilé ìwòsàn òdìkejì odò. Sọ pé Katsube ló ń bẹ̀bẹ̀."

Aṣọ dé, a sì ṣe iṣẹ́ abẹ bàbá kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí oṣù kẹrin dé, wọ́n ṣì gbé Fusae lọ sí erékùṣù, torí ọ̀gá àgbà kì í gbàgbé. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ, mo bá Katsube lórí àga ní yàrá iṣẹ́ abẹ, òun pẹ̀lú òòlù, ó ń kan ìkọ́ padà mọ́ ògiri. Kò jẹ́ kí n bá òun kàn án. Gbogbo wọn ló wọ́, òmíràn lókè, òmíràn nílẹ̀. Ó rí i, kò sì tún wọn kàn.