Òfin tí Alága gbé lé fìlà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìtàn àwọn ìlú tí ọba Sípéènì ṣàkóso ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi o, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kà á! Òfin kan náà lọba ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Bí kò bá bá ìlú kan mu, àwọn olórí ibẹ̀ á fẹnu ko ìwé náà, wọ́n á gbé e lérí, wọ́n á ní àwọn gbọ́, àwọn tẹrí ba, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe níbí. Wọ́n á wá kọ̀wé sí ọba pé kó tún un wò. Ẹ ò rí ọgbọ́n!

Rìsíkátù, ọmọ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wa ní Manchester níbí, tó ń ṣe care work, pàdánù ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin. Fídáù ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí Sunday, nílé rẹ̀ ní Rusholme. Àṣé àwọn olórí ẹgbẹ́ wa ní London ti fìwé òfin ránṣẹ́ pé ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ lọ ṣàdúà nílé ẹni tí kì í wá ìpàdé. Shift ni kì í jẹ́ kó wá!

Nígbà tá a ṣèpàdé lẹ́yìn Jímọ̀, mo fò dìde, mo ròyìn Sípéènì.

"Ọba Sípéènì wo ló ń gbé Manchester?" Alhaja, ìyá ẹgbẹ́, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ gbé ìwé náà wá, kí n fi fẹ́ ara mi, ooru ń mú mi."

A rẹ́rìn-ín títí. Alága gbé ìwé náà lé fìlà lóòótọ́, ó ní ká kọ̀wé sí London. Èmi náà ni mo kọ ọ́. Inú mi dùn!

Lọ́sàn-án Sunday, mo ti ibi iṣẹ́ ní airport lọ tààrà sílé Rìsíkátù. Àga tò lọ rẹrẹ, àkàrà kún kúlà. Rìsíkátù àti ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo pe Alága. Ó ní ṣé London ti fèsì ni? Ó ní ṣebí èmi ni mo ní ká kọ̀wé, ká dúró.

Dúró kẹ̀? Àwọn olórí ìlú Amẹ́ríkà yẹn kì í dúró! Bí ìwé bá ṣe ń lọ lójú òkun, wọ́n á máa ṣe tiwọn lọ ni. Mo rò pé ìyẹn ti yé gbogbo wa.

Àwa mẹ́ta la ṣàdúà náà. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, Rìsíkátù di àkàrà fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fún Alága. Bóyá ara wọn ò yá ni."

Mo gbà á, mo jáde.

London fèsì lọ́jọ́ Tuesday. Wọ́n gbà! Ṣùgbọ́n ta ló lè dá ọjọ́ kẹjọ padà?

Ẹ̀kọ́ tèmi nìyí: bí òfin kò bá bá wa mu, ká kọ̀wé, ṣùgbọ́n kẹ́sẹ̀ wa ti wà lọ́nà ilé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ dúró dè, tí ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe fi kọjá lọ? Ẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ jọ̀ọ́.