Nítorí Orúkọ Ìdílé Wa

Fótò lásán ló dá a sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, gbé orí lé èjìká ọmọkùnrin Kìrìsìtẹ́nì kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan yà wọ́n, ló bá bọ́ sórí fóònù gbogbo ayé. Kó tó di ọ̀sán Sátidé, fótò ti dé ilé wa ní Mùṣin ṣáájú ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ló gbé e wá. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní mọ́ṣáláṣí. Tí ẹ ò bá kọ́ ọmọ yìí lọ́gbọ́n lónìí, ẹ má pe ara yín lọ́kùnrin mọ́ o." Pàṣán wà lábíyá rẹ̀. Ó ní wọ́n á na àbúrò mi, wọ́n á fá irun rẹ̀, wọ́n á sì tì í mọ́lé títí wọ́n á fi rí ọkọ fún un.

Bàbá mi kẹ̀! Káfíńtà tó jẹ́ pé èèyàn ló máa ń bá a pa adìyẹ ọdún. Kò na ìkankan nínú wa rí. Ṣùgbọ́n ìtìjú a máa sọ onísùúrù di wèrè. Mo rí i tó gba pàṣán yẹn.

Àbúrò mi wọlé tòun ti búrẹ́dì. "Ẹ káàsán, Bàámi." Kò tíì kúnlẹ̀ tán tí bàbá mi fi gbé ọwọ́ sókè. Mo kígbe, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́!" Ta ló gbọ́ tèmi?

Ìyá bàbá mi dìde lórí àga. Orúnkún ìyá yìí ti bàjẹ́ débi pé orí àga ló ti ń kírun, torí kò lè forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run tó dá a mọ́. Ó di ògiri mú, ó rọra ń lọ sílẹ̀, ó ń kérora, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tó bí.

Háà! Ara mi bù máṣọ. Kí ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ? Èèwọ̀! Pàṣán já bọ́. Bàbá mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún: "Màámi, ẹ dìde, ẹ má pa mí o!" Àbúrò rẹ̀ ẹlẹ́nu ńlá náà ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mi ò dìde," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ kọ́kọ́ búra pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ọmọbìnrin nílé yìí mọ́ nítorí ẹnu ayé."

Wọ́n búra. Èmi àti àbúrò mi gbé e dìde. Mi ò lè wo ojú rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí bíi pé mi ò rí i rí.

Nígbà tó jókòó, mo bi í pé, "Ìyá Àgbà, ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn tó báyìí, ẹ ò ṣe kàn pariwo mọ́ wọn?"

Ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Wọ́n na àbúrò tèmi náà bẹ́ẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọge, nítorí ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Kò là á já. Gbogbo wa la wà níbẹ̀, gbogbo wa la pariwo. Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀."