Ẹ Ṣeun, Mo Ti Yó

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a bá ń lọ kí ẹnikẹ́ni, ìyá mi á kọ́kọ́ fà mí létí lẹ́nu ọ̀nà. "Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, kí lo máa sọ?" Èmi á ní, "Ẹ ṣeun mà, mo ti yó." Ebi ì báà máa lù mí pa, ohun tí màá sọ nìyẹn. Tí mo bá sì fi ọwọ́ òsì kan oúnjẹ nílé wa, ìgbájú ló máa tẹ̀ lé e. Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọn kì í fi ẹ̀kọ́ ilé ṣeré.

Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún wọn kú pátápátá. Aránṣọ ni mí l'Ẹgbẹ́dá, ṣọ́ọ̀bù kì í jẹ́ kí n ráyè. Ni mo bá gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àgbà kan ní Ìgàndó. Nítorí ẹnu ayé, mo purọ́ fáwọn ará àdúgbò pé wọ́n ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń lọ wò wọ́n àfi èmi. Lọ́jọ́ tí mo gbé wọn débẹ̀, mo rọra sọ sí wọn létí pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àwọn ọmọ yìí lẹ́nu o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn yín."

Kò pẹ́, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Gbogbo Sátidé tí mo bá gbé kúlà oúnjẹ lọ, àwọn olùtọ́jú á ní Màmá ò jẹun. Èmi á gbé kúlà sórí tábìlì, màá wá kọjú ìjà sí ìyá mi. "Kí ló dé, Màmá? Ṣé ẹ fẹ́ kí aráyé ní mo febi pa yín ni?" Màá sì sáré lọ wọ kẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe Sátidé, mo lọ ra òwú ìránṣọ ní Ìkòtún, mo ní kí n kúkú yà kí wọn. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí ọmọbìnrin olùtọ́jú kan tó gbé ẹ̀bà síwájú ìyá mi, tó fi ṣíbí sí ọwọ́ òsì wọn. Ìyá mi wo ṣíbí náà, wọ́n wo àwọn tó ń jẹun. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì, wọ́n tún dá a padà sórí itan. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà padà dé. "Màmá, ẹ ò tún jẹun lónìí?"

"O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti yó."

Ó sì ń gbé abọ́ náà lọ ní kíkún.

Inú bí mi burúkú! "Ìwọ, ṣé orí ẹ pé báyìí? Àgbà tí kò fọwọ́ òsì jẹun rí láyé ẹ̀, òní ló máa wá bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní àwọn ti yó, ìwọ náà gbà!"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ ò sọ fún wa. Ẹ̀yin náà, kúlà lẹ máa ń gbé kalẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Èmi tí wọ́n torí ọwọ́ òsì nà, n ò fi òkèlè kan sí wọn lẹ́nu rí. Ojú tì mí débi pé n ò lè wo ojú ọmọ náà. Mo ní kó dìde.

Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fọwọ́, mo bu òkèlè. Ìyá mi ti yanu kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀. Ẹ̀bà náà tán pátá.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ebi ń pa yín?"

"Ìwọ lo ní kí n má yọ wọ́n lẹ́nu."

Wọn ò bínú sọ ọ́ rárá. Mo bú sẹ́kún. Mo ní kí n lọ bu díẹ̀ kún un. Wọ́n wo ọmọbìnrin náà, wọ́n wò mí.

"O ṣeun. Mo ti yó."

Mo na ọwọ́ sí abọ́ òfìfo náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì wọn dì í mú létí, kò jẹ́ kí n gbé e.