Ààrò Irin Inú Ilé Ìdáná Ìyá Ọkọ Mi

Èéfín igi tútù ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sílé ọkọ ní Jàpárà, n'Íjẹ̀bú-Igbó. Ààrò amọ̀ ńlá kan ló wà nínú ilé ìdáná ìyá ọkọ mi, ibẹ̀ ni mo ti ń dáná fún gbogbo ilé. Tí ikọ́ bá lé mi jáde, ìyá ọkọ mi á ní, "Èéfín lásán ń lé ọ. Ìrọbí ńkọ́? Àbí o ò ní í dé'bẹ̀ láéláé?" Àwọn ará ilé á sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oyún mi kejì wálẹ̀, nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé kí n yéé fa èéfín símú. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó gbọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mú wẹ́dà kan wálé láti ìdí iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Ààrò irin ni wẹ́dà náà gbé wá, ó ní ìlẹ̀kùn, ó sì ní páìpù tí yóò máa gbé èéfín gba òrùlé jáde. Irin náà fẹ̀ ju ẹnu ààrò amọ̀ lọ, ni wọ́n bá ń ha ẹ̀gbẹ́ amọ̀ náà títí irin fi wọlé. Èmi fúnra mi ni mo po amọ̀ tí wọ́n fi dí àlàfo rẹ̀, mo ń kọrin bí ẹni tí wọ́n kọ́lé fún. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ọmọdé ń ṣe mí.

Ẹ̀wà ni mo kọ́kọ́ sè lórí rẹ̀. Èéfín kankan ò yọ. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi.

"Dìde," ló wí. "Ẹni tó ni ín ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀."

Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ lòun ń wò.

"Ìyàwó mi tuntun ni, ọmọ ìlú Ìbíadé," ó ní. "Ó ti lóyún. Èéfín ò dáa fún un."

Òkúta mẹ́ta ni wọ́n tò fún èmi ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Èmi tí mo wà lẹ́yìnkùlé kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ ìyàwó tuntun náà, inú òjò ni mo ti se oúnjẹ àlejò. Àlejò kan bi ìyá ọkọ mi pé ta ni mí. "Ó ń bá wa dáná ni," ló fèsì. Ọkọ mi dúró tì í, ó gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo di ẹrù mi. Kò sẹ́ni tó bi mí pé níbo ni mò ń lọ.

Àgọ́-Ìwòyè ni mo wà báyìí, mò ń se ìrẹsì tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń pè mí ní màmá, mo sì ń jẹ́ ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò bímọ. Ìyà ibẹ̀ ti ń kúrò lára mi. Ohun tí mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn ni ohùn ọkùnrin yẹn nígbà tó ń sọ̀rọ̀ èéfín: ohùn jẹ́jẹ́, ohùn ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàánú èèyàn.